Ẹkún Ìyá Ràsáàkì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Bélú. Ìsẹ́yìn

Mo parí iṣẹ́ ohùn fíìmù Ẹlẹ́rù lónìí. Ìyanuolúwa lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́, òun ni olùdarí, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí Ẹlẹ́rù ni. Obìnrin inú kànga, iwin fíìmù náà, ti rí ohùn. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá a. Mo lo igbe ajá, mo lo ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà, kò sí èyí tó mú Ẹlẹ́rù. Mo wá gbé ẹkún Ìyá Ràsáàkì. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, mo fà á gùn, mo jẹ́ kó dún bí ẹni pé ìsàlẹ̀ kànga ló ti ń bọ̀. Ẹlẹ́rù fò sókè lórí àga.

"Háà, Àǹtí Ìdòwú! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò bèèrè ibi tí mo ti rí i. Mi ò sì sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Kí n ṣàlàyé rẹ̀ síbí, bóyá màá rí i kedere.

Etí èèyàn mọ ẹkún. Bí ọmọdé bá gbọ́ ẹkún obìnrin, yóò lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n rẹ ohùn náà sílẹ̀ díẹ̀, kí o fà á: etí á mọ̀ pé obìnrin ni, á mọ̀ pé ẹkún ni, kò ní mọ ẹni tó ń sun ún mọ́. Àárín mímọ̀ àti àìmọ̀ yẹn ni ẹ̀rù ń gbé. Bí mo ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn. Mo tún máa ń sọ fún wọn pé obìnrin inú fíìmù adẹ́rùbani kì í sábà ju mẹ́ta lọ: omidan tó ń sá kiri nínú òkùnkùn, ìyàwó tó kú tó padà wá gbẹ̀san, ìyá arúgbó tó wà nídìí gbogbo rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Mo ronú wo gbogbo fíìmù tí mo ti bá wọn ṣe. Mi ò tíì rẹ ẹkún ọkùnrin sílẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ibi tí ẹkún náà ti wá.

Nígbà òjò, mo lọ gba ohùn àwọn ìyá àgbà sílẹ̀ ní Komu, nílé. Ẹkún ìyàwó ń parẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ báyìí, orin inú fóònù ni wọ́n ń gbé sí i. Ìyá Ràsáàkì ló mọ ẹkún jù. Ilé wọn kọjú sí tiwa. Òun ló ń di irun mi ní kékeré, tí ń gbá mi lórí tí mo bá ń yí ọrùn. Ó sun èyí tó sun lọ́jọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀ fún mi. Ó dé ibi tí ìyàwó ti ń dágbére fún ìyá rẹ̀, ohùn rẹ̀ ṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú kí ọjọ́ náà tó pé. Àpótí ìjókòó òfìfo ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ pé kó sun ún fún.

Ẹkún gidi dé. Mo fẹ́ pa ẹ̀rọ. Ó juwọ́ sí mi pé rárá. "Fi í sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lè gbọ́ bó ṣe ń rí."

Ibi tó ti ṣẹ́ yẹn ni mo gé. Òun ló dára jù. Mo mọ ìdí tó fi dára jù, mo sì gé e bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Fídíò ìpolówó ti jáde, ẹkún náà wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́rù ní gbogbo Òkè-Ògùn ló ń pín in lórí Wáàsáàpù. Kò lè jókòó fún ayọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11. Komu

Mo wá wo bàbá mi. Àwọn ọmọ ń ṣeré lójúde wa. Ọ̀kan á fi gèlè bo orí, á rọra máa bọ̀, á ké. Àwọn tó kù á fọ́n ká. Igbe náà gan-an ni, pẹ̀lú èémí tó ń já láàárín. Ọmọ ń gbọ́ nǹkan ju bí a ṣe rò lọ.

Ìyá Ràsáàkì wà lábẹ́ igi máńgòrò wọn, ó ń bẹ iṣu tí wọ́n máa fi ṣe èlùbọ́.

"Ìdòwú olóríkunkun, káàbọ̀. Bá mi bi àwọn ọmọ yìí, kí ló ń ké lọ́fun wọn?"

Mo ní fíìmù ni.

"Ta wá ni obìnrin tó ń ké?"

Mo ní wọ́n jù ú sí kànga ni.

"Áà! Ẹni tó jù ú ńkọ́, ṣé wọ́n mú un?"

Mo ní fíìmù náà kò dé ibẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni ó wí, ó sì ju èèpo iṣu sí ewúrẹ́.

Mo bá a bẹ iṣu díẹ̀. Mi ò lè wojú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì Sọ̀fíyàt, ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ni ẹkún. Sọ̀fíyàt ti ní òun ò fẹ́ orin fóònù, ìyá àgbà òun ni yóò ṣáájú. Inú ìyá náà dùn débi pé ó bẹ iṣu kan tán kó tó rántí pé ó ti jẹrà.

Ọjọ́rú, 12

Sọ̀fíyàt pè mí láàárọ̀. Kò kí mi dáadáa.

"Àǹtí, ohùn Ìyá Àgbà ni. Ẹ má tàn mí. Ibi tí wọ́n ti ń mí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ń kọ́ mi, ibẹ̀ náà ni obìnrin kànga yẹn ti ń mí."

Mi ò tàn án.

Ó ní òun nìkan kọ́ ló mọ̀. Aládùúgbò kan kì í rán ọmọ rẹ̀ wá bá ìyá náà pọn omi mọ́. Ìyá ọkọ òun sì ti ránṣẹ́ pé ṣé kò sí ẹlòmíì tó lè ṣáájú ẹkún lọ́jọ́ Jímọ̀? Nítorí àwọn ọmọdé, ni wọ́n wí.

"Ìyá Àgbà ò tíì mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ṣẹ ẹnìkan ni. Wọ́n ń ronú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ó yẹ kí n lọ sí Komu. Mi ò lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Mo lọ bá Ẹlẹ́rù. Ó ní, "Àǹtí, ohùn yẹn gan-an ni fíìmù! Kí la fẹ́ fi dípò rẹ̀?" Mo ní mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ohùn. Mo ní kó yọ orúkọ mi kúrò bí kò bá yọ ọ́. Ó wò mí títí.

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá wa wí nípa bí a ṣe ń fi obìnrin hàn?"

Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ó gbà níkẹyìn pé kí n fi ohùn tèmi dí i. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo sunkún. Ẹkún orí ìtàgé ni. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe. Ìgbà tí mo ronú kan àpótí òfìfo yẹn ni èyí tó wúlò tó jáde.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ẹlẹ́rù gbọ́ ọ. Kò fò sókè. Ó ní yóò lò ó.

Fíìmù mọ́ báyìí. Ìpolówó tó ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ńkọ́? Ta ni yóò lọ gbà á nínú fóònù wọn?

Ọjọ́rú, 19. Komu

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá Ràsáàkì gbé iṣu tó ń bẹ sílẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́. Mo gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ńlá yẹn bò ó létí lórí ìborùn rẹ̀. Sọ̀fíyàt dúró tì wá, ó ń bá mi bínú síbẹ̀.

Ìyá náà yọ ọ́.

"Èmi rèé?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Kí ni mo ń fi àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe?"

"Ẹ ń pa wọ́n ni, mà."

"Gbogbo wọn?"

"Ó ku omidan kan."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Èmi tó jẹ́ pé Ràsáàkì ló ń bá mi pa adìyẹ!" Ó fi ọwọ́ nu ọ̀bẹ rẹ̀. "Ibi tí mo ti ń pe ìyá mi nìyẹn."

"Ibẹ̀ ni, mà."

Ó ní kí n dìde, òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n òun ò ní yanu lọ́jọ́ Jímọ̀. Òun ò ní lé àwọn àlejò Sọ̀fíyàt lọ. Sọ̀fíyàt bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀, kì í ṣe ẹkún ìyàwó. Mo ṣèlérí. Mo ní màá ṣàlàyé fún gbogbo èèyàn kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní màá dúró níwájú pátápátá. Bí wọ́n bá rí i pé èmi tí mo ṣe ohùn náà kò bẹ̀rù, ta ni yóò sá?

Ó ní, "Ó dáa. Dúró síbi tí ojú mi yóò ti máa rí ọ."

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo ṣàlàyé. Mo gbé ẹ̀rọ wá. Mo pe Success, ọmọ tó mọ igbe náà ké jù, mo gba ohùn rẹ̀, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ohùn ọmọdébìnrin di ti iwin. Ẹ̀rín pa wọ́n. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Ìyá ọkọ Sọ̀fíyàt pàápàá ní kí n gba tòun. Mo ní ṣé ẹ rí i, ẹ̀rọ ló ń ṣe é, kì í ṣe èèyàn. Wọ́n ní wọ́n rí i. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn dáadáa.

Sọ̀fíyàt jáde, aṣọ lórí. Ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ràsáàkì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ṣáájú, Sọ̀fíyàt ń tẹ̀lé e. Àwọn obìnrin ń dáhùn, àwọn míì ti ń nu ojú. Mo dúró síbi tí mo ṣèlérí. Ojú Ìyá Ràsáàkì wà lára mi.

Wọ́n dé ibi ìdágbére fún ìyá. Èémí Ìyá Ràsáàkì já láàárín, bó ṣe máa ń já. Mo wo àwọn ọmọ. Kò sí èyí tó sá. Success ti ìka bọ ẹnu, ó ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n ara mi ti le. Gbogbo irun ọwọ́ mi dìde. Kànga ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ Ìyá Ràsáàkì. Nígbà tí mo máa fi wolẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti sún sẹ́yìn, ìṣísẹ̀ kan péré.

Òun náà wo ẹsẹ̀ mi.

Kò bínú. Ó fa ìborùn rẹ̀, ó fi bo ẹnu. Sọ̀fíyàt nìkan ló sun ìyókù.