Yìnyín Tó Ní Ikùn

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Ósóònù: afẹ́fẹ́ kan lókè réré tó ń gba ìtànṣán oòrùn tó lè jó wa lára. Ìbòrí ni. Ní ìpẹ̀kun ayé, òtútù ń sọ ìkùukùu di yìnyín wẹ́wẹ́. Kílórínì, èròjà kan tí ọmọ aráyé tú sókè, wà níbẹ̀ nínú ìdè, kò lè pa nǹkan lára. Ojú yìnyín ló ń tú ìdè rẹ̀. Tí oòrùn bá wá yọ, ósóònù ló ń jẹ.
Iṣẹ́ tèmi: wíwọn bó ṣe ń yára tú u tó. Mo mú yìnyín dì sínú ọ̀pá gíláàsì kan — Àgbà ni mo ń pè é.
Lónìí, nínú ẹyọ kílórínì mẹ́wàá tó kan yìnyín, mẹ́fà ló bọ́ nínú ìdè. Mẹ́ta ni àwọn tó ṣáájú mi rí. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Mẹ́fà.

Ìṣẹ́gun, 4
Ọ̀gá fẹ́ ka iye náà níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ wa lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pẹ̀lú orúkọ mi. Mo fi ránṣẹ́. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mẹ́fà.

Àbámẹ́ta, 8
Màmá fọ firíìsà mi. Ó ní èmi tí mo kàwé yìnyín, firíìsà mi ò ṣeé ṣí. Mo ní iṣẹ́ ni. Ó ní, iṣẹ́ wo, ṣebí yìnyín náà ni.
Ó fi ṣíbí ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri sínú abọ́. Tíì rẹ̀ ta sí i — ó fà á mu bíi kànrìnkàn. Ó ta sórí omi dídì inú ike, ó ṣàn kúrò. Màmá ní, "Eléyìí ní ikùn. Tọ̀hún, ojú lásán."
Mo wá àga jókòó.

Àìkú, 9
Omi tó ti di afẹ́fẹ́ ni mo fi ń ṣe yìnyín mi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ìkánjú. Bíi ti ògiri firíìsà ló ṣe dì: ihò ló kún inú rẹ̀. Ojú gíláàsì nìkan ni mo wọ̀n. N kò ka ti inú ihò. Kílórínì ò yára; àyè ló rí.

Ọjọ́ Ajé, 10
Wákàtí mẹ́fà, díẹ̀díẹ̀. Yìnyín dán bíi dígí. Mẹ́ta.

Ìṣẹ́gun, 11
Mo sọ fún Ọ̀gá. Ó ní òun ti sọ mẹ́fà létí àwọn kan. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ mẹ́ta. Ó ní, ta ló rí àṣìṣe náà? Mo ní ìyá mi, sà, pẹ̀lú ṣíbí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà: "O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń rántí ẹni tó tún mẹ́ta rí."
Mo mọ̀.

Ẹtì, 14
Ọ̀gá ka mẹ́ta. Ó ní èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ ara mi yọ mẹ́fà kúrò. Olùkọ́ mi àtijọ́ dìde, ó bèèrè pé ìṣẹ́jú mélòó ni mo fi ṣe ti àkọ́kọ́. Mẹ́wàá. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni òun fi ń mú yìnyín dì nínú iṣẹ́ tòun, láti ọjọ́ yìí wá, òun náà ò sì ka ihò rí. Ó rọra jókòó.
Mo lẹ ìwé mọ́ ara Àgbà: Fi wákàtí mẹ́fà mú yìnyín rẹ dì. Kí o tó ka ohunkóhun, wọn ikùn rẹ̀, má wọn ojú nìkan.