Ọkọ̀ Tí Òjò Kò Gbọdọ̀ Pa

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé oúnjẹ ń wọlé sí ọ lára? Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ ọ́ ṣubú. Àwa náà wà, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe bí àlejò tó fẹ́ máa lọ.

Lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o rà fún wa, mo gbọ́ ìkìlọ̀ rẹ pé bí a bá tún jẹ́ kí oòrùn bó ọ̀dà rẹ̀ bí ó ti bó ti àkọ́kọ́, wàá gbà á padà. Ìyá rẹ náà gbọ́, ó sì gbé oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ tì, torí ọkọ̀ yìí ló ń wà lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ìbàdí kò jẹ́ kó jáde nílé mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi lọ bá ọmọkùnrin tó ń ta nǹkan ìtọ́jú ọkọ̀.

Ó kó oríṣi mẹ́ta síwájú mi. Ìda inú agolo wà, ó ní oṣù díẹ̀ ni yóò fi wà lára ọkọ̀. Ọ̀rá kan wà tó mọ́ gaara, bí èyí tí wọ́n fi ń bo ìwé ọmọ ilé-ìwé. Ìkẹta jẹ́ omi inú ìgò kékeré, tó ní yóò gan mọ́ ọ̀dà lára bíi gíláàsì. Ó da omi lásán sórí irin tó ti fi ti inú ìgò pa, omi náà yí dànù bí ó ti ń ṣe lórí ewé kókò. Mo bi í pé kí ló dé tí a kò kúkú fi ewé kókò bo ọkọ̀. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà wà lẹ́yìn yín.

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ọ̀dà ń dáàbò bo irin, ìda ń dáàbò bo ọ̀dà, ta wá ni yóò dáàbò bo ìda? Mo rò ó títí, mo mú ti inú ìgò, torí ó kéré, ó sì wọ́n, ohun tó kéré tó tún wọ́n kì í ṣe é fojú di.

Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé bí a bá ti fi pa ọkọ̀ tán, omi kò gbọdọ̀ kàn án fún ọ̀sẹ̀ kan. A kò sì ní òrùlé tí a lè gbé e sí lábẹ́ rẹ̀, àfi ilé adìẹ. Mo fi pa ọkọ̀ ní gbangba, mo bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà kí òjò má rọ̀, òjò kò sì rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àgbẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin àgbàdo, wọlé wá bá mi, ó ní òun ti gbọ́ ohun tí mo ń bá Ọlọ́run sọ, ṣé ọ̀dà la fẹ́ sè jẹ lọ́dún yìí ni. Ó ní òun náà yóò bẹ̀rẹ̀ tòun, kí a wá wo ẹni tí Ọlọ́run mọ̀ jù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣiyèméjì bóyá Ọlọ́run ń dá sí i, àbí ojú ọjọ́ kàn ń ṣe tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ pé, ọkọ̀ ń dán, ara rẹ̀ ni mo fi ń wo ojú fá irùngbọ̀n. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á, nítorí eruku. Ìyá rẹ ní òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun, mo ní kó fẹsẹ̀ rìn, kí ọ̀dà lè sinmi. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó wọkọ̀, ó lọ.

Ìgbà tó padà dé, òjò ti pa ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọ̀pá irin tó fi ń rìn ló ha ilẹ̀kùn ọkọ̀ láti òkè délẹ̀ nígbà tó ń wọ inú rẹ̀. Mo lanu láti bínú, ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ọ̀dà lo rà fún wa ni àbí ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní atẹ́gùn fẹ́ sí òun lójú lónìí, ibo ló tún kàn?

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ gba ọkọ̀ rẹ, ọwọ́ àwọn méjèèjì ni kí o ti wá gbà á, wọn kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi owó epo ránṣẹ́, ó pọ̀ ju ti inú ìgò náà lọ. Ẹni tí yóò gbé ìwọ náà jáde lọ́jọ́ ogbó kò ní wọ́n ọ.

Èmi bàbá rẹ, tí wọ́n ní kó jókòó sẹ́yìn.