Ìwé Ìwọ̀n Tí Mo Gbé fún Ọlọ́pàá

                                        Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà tí a ríra kẹ́yìn, ṣé ó ti fúyẹ́? Ní tèmi, n kò lè purọ́ pé a wà dáadáa. Wọ́n ti mú bọ̀dá mi.

Ẹ̀sùn tí ìjọba fi kàn wọ́n ni pé wọ́n gbé ogun ti orílẹ̀-èdè wọn. Bọ̀dá mi! Àwọn tó jẹ́ pé bí eku bá sá kọjá nínú ṣọ́ọ̀bù, orí tábìlì ni wọ́n ń gùn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin kan wá rán aṣọ kan náà, ogójì ẹyọ, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ ni àwọn. Inú wa dùn pé iṣẹ́ dé. O mọ bí a ṣe ń ṣe é: bọ̀dá mi á máa fi téèpù wọn oníbàárà, wọ́n á máa pe ìwọ̀n rẹ̀ sókè, èmi á máa kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n. Ojú bọ̀dá mi kò ríran kàwé mọ́, nítorí náà èmi náà ni mò ń kà á sókè tí wọ́n bá ń gé aṣọ. Ohunkóhun tí oníbàárà bá béèrè fún, mo ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, bí ọ̀gá tó kọ́ èmi àti ìwọ níṣẹ́ ṣe fi hàn wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bọ̀dá mi lọ ra bọ́tìnnì, ọ̀gá àwọn ọkùnrin náà, Onírùngbọ̀n, wọlé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí àpò yẹn fẹ̀ dáadáa o, kó lè gba ọta ìbọn. Ọjọ́ tá a bá gba ilé ìjọba, ẹ̀yin lẹ ó máa rán aṣọ fún wa." Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àpárá ni. Kí n sọ òtítọ́ fún ọ, ara fu mí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Nígbà tí bọ̀dá mi ń gé e, "àpò fífẹ̀" nìkan ni mo kà sí wọn létí.

Lóṣù tó kọjá, ìbọn dún nílé ìjọba. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti mú àwọn ọkùnrin náà, aṣọ wa lọ́rùn wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá dé ṣọ́ọ̀bù, èmi ọlọgbọ́n ni mo sáré gbé ìwé ìwọ̀n jáde, kí wọ́n lè rí i pé télọ̀ lásán ni wá. Mo ti gbàgbé ohun tí mo kọ. Ọlọ́pàá kan kà á sókè, ó béèrè ẹni tó kọ ọ́. Kí n tó lanu, bọ̀dá mi ti ní, "Èmi ni." Bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ni bọ̀dá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọta ìbọn náà láyé wọn.

Lọ́yà tí a gbà fún wọn ṣàlàyé òfin fún mi. Ẹni tó bá gbé ogun ti ìjọba ilẹ̀ rẹ̀, ikú ni. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ràn án lọ́wọ́, ikú náà ni. Ẹni tó bá mọ̀ tí kò sọ, ẹ̀wọ̀n gbére. Mo ní, ẹni tó rán aṣọ tí kò mọ nǹkan kan ńkọ́? Ó ní ìyẹn á máa lọ sílé rẹ̀.

Mo lọ wo bọ̀dá mi ní àtìmọ́lé. Wọ́n ní kí n gbẹ́nu dákẹ́, kí n tọ́jú màmá, kí n má gbàgbé láti máa da òróró sí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Ajé ni ẹjọ́ wọn. N ó dìde níbẹ̀, n ó sọ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Lọ́yà ní adájọ́ lè rò pé mo kàn fẹ́ gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ ni, àfi bí ohun tí mo ti fọwọ́ ara mi kọ kí wàhálà yìí tó dé bá wà, tí wọ́n á fi wé ìwé ìwọ̀n náà. Ọlọ́pàá sì ti kó gbogbo ìwé ṣọ́ọ̀bù lọ. Ìwọ nìkan lo ń tọ́jú lẹ́tà mi. Ìwọ náà lo máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́, pé "g" mi nírù bí ológbò, tí o fi sọ mí ní Ọlọ́wọ́ Wíwọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Bí o bá dé, bá mi jókòó ti màmá díẹ̀.

Kó gbogbo lẹ́tà náà wá, kí o fi eléyìí kún un. Mo mọ̀ pé o ò ní fẹ́. Jọ̀wọ́, má ṣàánú mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ọlọ́wọ́ Wíwọ́.