Bàtà Pupa Ara Ògiri

                                        Yàrá Kejì, Òkè Ilé Alátẹ̀gùn Pupa,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta.

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ kí ẹ má baà gún ara yín. Ṣé ẹ ti jókòó? Mo ti lọ́kọ! Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, tí mo pa ẹnu mọ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé ìkókó ti ń rìn? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú, ẹ ò tiẹ̀ gbọ́ ìkíni mi mọ́. Ẹ forí jì mí. Ènìyàn márùn-ún péré ló wà ní ọ́fíìsì tí a ti buwọ́ lùwé: àwa méjèèjì, màmá mi, bàbá ọkọ mi, àti akọ̀wé tó ń wo aago ṣáá. Yàrá wa ò gbà ju ènìyàn mẹ́rin lọ, bí a bá sì sọ fún ẹ̀yin nìkan, odindi ẹbí á ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú! A wá ní ká ṣì dúró ná, títí a ó fi rí ibi tó lè gba gbogbo yín. A ti rí i o. Iwájú ògiri kan ni.

Ọlọ́dà yín yẹn náà ni ọkọ mi, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kì í mọ́. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe, kí wọ́n máa kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sára ògiri. Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá nílùú yìí ni wọ́n ti wó tàbí tí wọ́n ti kun nǹkan mìíràn bò. Ó ku ẹyọ kan péré: bàtà pupa kan tó ga tó ilẹ̀kùn, lára ṣọ́ọ̀bù oníbàtà tó ti kógbá sílé tipẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gàdàgbà lókè rẹ̀: BÀTÀ RERE, ÌRÌN RERE.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, a jí rí i pé ẹnìkan ti fi ọ̀dà agolo fín MO WÀ NÍBÍ gba àárín bàtà náà kọjá. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló bi í léèrè ibi tó wà?" Àwa rẹ́rìn-ín, Bàbá fúnra wọn ò rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi fi bẹntiróòlù nù ún. Ọ̀dà agolo lọ, ó sì mú ìdajì bàtà àti RERE kan dání. Ni ìyá onílé tó ni ògiri bá ní ó tó gẹ́ẹ́, òun á kun gbogbo rẹ̀ ní funfun. Ọkọ mi mọ ọ̀dà kùn o, ṣùgbọ́n kò lè fi ojú lásán ya lẹ́tà bíi ti bàbá rẹ̀, ọwọ́ Bàbá sì ti ń gbọ̀n. Bébà tí wọ́n fi ya iṣẹ́ náà níjọ́sí, ìyá ọkọ mi ló tọ́jú rẹ̀ kó tó kú, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó fi sí. Bàbá ò gba òpópónà yẹn kọjá mọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń wá bébà tí màá fi gé pátáànì búláòsì oníbàárà mi àkọ́kọ́. Mo rí ìdì bébà kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ìyá ọkọ mi fi sílẹ̀, ihò abẹ́rẹ́ wéréwéré lára rẹ̀. Mo ní, ẹ ò rí nǹkan, ìyá ọkọ mi náà ń ránṣọ! Ibì kan tiẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ibi apá aṣọ. Mo ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo gbé èyí tó kù sójú fèrèsé ni ìmọ́lẹ̀ ń yọ lójú àwọn ihò náà: B, À, T, À.

Mo figbe ta. Bàbá sáré wọlé láti yàrá tiwọn. "Kí ló dé? Ṣé ejò ni?"

"Bàbá, ẹ gbà mí, mo ti gé bàtà yín!"

Wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn. "Ìyàwó, bàtà mi rèé."

Mo na bébà náà sí wọn. Wọ́n gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun, wọ́n ń fi ìka tọ àwọn ihò náà lọ. "Ìyá ọkọ rẹ ló lu gbogbo èyí, ihò kan lẹ́yìn òmíràn." Àǹtí mi, ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì! Mo sáré fi máṣìnì rán an pọ̀. Ọkọ mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá, ó ń gbá àpò aṣọ tí èédú lílọ̀ wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn, kí èédú lè gba ojú ihò bọ́ sára ògiri. Nígbà tó ká a kúrò, bàtà yọ kedere, ìlà ìránṣọ mi sì dá a lágbede méjì. Ọkọ mi fẹ́ nu ìlà náà, Bàbá gbá a lọ́wọ́.

"Má nù ún. Àpá ìyàwó ilé wa nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe kùn ún."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n dé fìlà, wọ́n lọ bẹ ìyá onílé pé kó jẹ́ ká tún bàtà náà kùn. Ìyá náà ní, "Ó dáa, mo gbọ́. Àmọ́ bí ògiri mi bá ṣì rí jákujàku lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, funfun ni o!"

Ògiri ga, Àǹtí mi, ọwọ́ méjì péré sì ni ọkọ mi ní. Bàbá á jókòó sórí àga, wọ́n á máa pàṣẹ. Ẹ̀yin tí ọwọ́ yín kì í yẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kun etí lẹ́tà. Kí ẹlòmíràn di àkàbà mú, kí ẹlòmíràn ro ọ̀dà, bí a bá sì parí, ká jẹun ìgbéyàwó mi níwájú rẹ̀. Inú dídùn ló ń mórí yá!

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ẹ kí alájọgbé yín tó máa ń sọ pé mi ò ní lọ́kọ. Ẹ rọra sọ fún un o, kó má dákú. Aṣọ tí ẹ ò ní sunkún lé lórí bí ọ̀dà bá ta sí i ni kí gbogbo yín wọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, aago méje àárọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pẹ́.

                                        Èmi ni ọmọ yín tí ẹ kọ́ níṣẹ́,
                                        Abẹ́rẹ́, Ìyàwó Ọlọ́dà.