Ọjọ́ Tí Mo Sọ Yín Di Ará Ẹ̀rìn

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi ní ìkíni,

Ẹ kú ilé o. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ń kí yín báyìí níbi tí ẹ wà, àmọ́ ẹnu mi ò gbà kí n bá yín sọ̀rọ̀ láìkí yín. Gbogbo wa wà dáadáa. Màmá kì í lo oògùn ẹsẹ̀ wọn àfi tí a bá pariwo. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tí ẹ sọ pé kò ní í jò mọ́ ṣì ń jò. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an kọ́ nìyẹn, ẹ sì mọ̀ mí, tí ọ̀rọ̀ bá ń tì mí lójú, mo máa ń fi òrùlé bẹ̀rẹ̀ ni.

Bàbá, mo sẹ́ yín. Ìfọ́n ni mo ti sẹ́ yín, lójú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi nílé-ẹ̀kọ́ lọ́dún yìí ni pé kí n kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ọgbọ́n okòwò. Kì í ṣe ká kàn máa tajà o. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ náà yéé jókòó máa retí ìjọba, kí wọ́n máa wo ohun tó ń ni ará ìlú lára, kí wọ́n ṣe nǹkan tó máa gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà, nǹkan tí èèyàn máa fínnúfíndọ̀ ra. Ọmọ kékeré ni wọ́n, Bàbá. Ìyá wọn ṣì ń pè wọ́n láràárọ̀ bóyá wọ́n ti jẹun. Wọ́n mọ ìṣirò jù mí lọ, àmọ́ tí ẹ bá ní kí wọ́n lọ bá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni wọ́n á máa wò.

Ẹ̀kọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jí i. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan, ì báà ṣe ìṣáná lásán. Ẹ ó kí olúwarẹ̀ tilé tọ̀nà, ẹ ó dárúkọ ara yín, ẹ ó dárúkọ agbo ilé yín ní Ìlobù, ẹ ó wá bi òun náà léèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Àwa ọmọ á dúró sẹ́yìn yín, a ó máa yínmú. Ohun tí mo kọ sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, pé kí oníbàárà mọ̀ yín kó tó mọ ọjà yín. Wọ́n rò pé inú ìwé òyìnbó ni mo ti rí i, mi ò sì sọ pé bàbá mi ni. Mo ṣá sọ fún wọn pé ọmọ Ìlobù ni mí. Mo tiẹ̀ fi yangàn.

Bísólá, ọmọbìnrin tó ń darí ọ̀wọ́ kan nínú wọn, ló mú Ìfọ́n wá. Inú bọ́ọ̀sì ló wà tó ti rí àwọn obìnrin tó sá iṣu èlùbọ́ sétí títì, tí òjò dé, tí wọ́n ń sáré kó o wọlé. Ó ní ohun tí àwọn fẹ́ yanjú nìyẹn. Mo yìn ín, àmọ́ kò wù mí kí a lọ. Ẹ mọ ìdí. Láti ìgbà tí ìjà ilẹ̀ ti le láàárín àwa ará Ìlobù àti wọn, tí ẹ ò lè gun alùpùpù yín lọ kọ́ni níbẹ̀ mọ́, mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ ní Ìfọ́n rí. Tí mọ́tò bá ń gbabẹ̀ kọjá, mo máa ń wo iwájú ni. Kí ló dé tí ẹ ò fi bá wa sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́, tí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀? Ṣé àárò wọn ò sọ yín ni?

A dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ta èlùbọ́. Ìyá Ràbí ni wọ́n ń pè é. Mo kúnlẹ̀, àwọn ọmọ mi obìnrin náà kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ bíi ti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó kí wa dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, “Níbo lo ti wá, ọmọ ta sì ni ọ́?”

Ìbéèrè tí ẹ ti kọ́ mi ní ìdáhùn rẹ̀ kí n tó mọ A, B, D. Mo wo àwọn ọmọ mi tí wọ́n di bíírò mú, mo wo àwọn ọkùnrin tó jókòó níwájú ilé kejì, mo ní Ẹ̀rìn, ìlú tó wà nítòsí, ni bàbá mi ti wá. Ó jáde lẹ́nu mi wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lé mi, kò sẹ́ni tó mú igi dání. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, kí n má padà sílé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òfo lójú ọ̀gá mi. Torí ìyẹn ni mo ṣe sọ yín di ará Ẹ̀rìn.

Ìyá náà wò mí títí. Ó ní, “Ojú ẹ jọ ti tíṣà kan tó kọ́ Ràbí mi. Ará Ìlobù ni. Tó bá ń kí èèyàn, wàá rò pé ọmọ rẹ ló fẹ́ fẹ́. Nǹkan dàrú, a ò rí i mọ́. Ṣé o mọ̀ ọ́n? Ṣé ó ṣì wà?”

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ó ní kò burú. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní níbikíbi tí tíṣà yẹn bá wà, kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn, kó jẹ èrè ọmọ. Èmi sì ṣe àmín. Bàbá, èmi tí mo bu iyẹ̀pẹ̀ sí yín lára nínú sàréè, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo ń ṣe àmín sí ẹ̀mí gígùn yín.

Nígbà tí a padà sí kíláàsì, mo bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ti kọ́ nípa oníbàárà. Bísólá dìde. Ó ní ohun tí mo kọ sójú pátákó dáa, àmọ́ èyí tí mo fi hàn wọ́n ní Ìfọ́n ló dáa jù, pé tí ìlú ẹni bá máa ba ọjà ẹni jẹ́, kí èèyàn dárúkọ ìlú míì. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ń yìn mí ni. Àwọn yòókù ń mi orí pé òótọ́ ni. Ọmọkùnrin kan ní òun náà ti lò ó, òun sọ fún àwọn obìnrin Ìfọ́n pé ìyá òun ti kú, àánú òun ṣe wọ́n, wọ́n sì sọ gbogbo ohun tí òun fẹ́ gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá ọmọ náà wà láàyè. Òun ló ń dín àkàrà tó fi ń sanwó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo nu pátákó, mo bọ́ sí ẹ̀kọ́ tó kàn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo fọ́tò yín tó wà ní pálọ̀ tí mo délé. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí n bá wọn nù ún, mo dojú ẹ̀ bolẹ̀, mi ò sì tètè gbé e padà. Wọ́n rò pé ẹkún ló ń gbọ̀n mí. Ó sì fẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́ wọn, ká sòótọ́. Pákó ni wọ́n fi kan àpótí tí wọ́n á máa sá iṣu sí, wọ́n fi ọ̀rá funfun bò ó lójú, wọ́n tẹ́ páànù dúdú sísàlẹ̀ kó lè máa fa ooru mọ́ra, wọ́n ṣe ibi tí atẹ́gùn á máa gbà. Òjò lè máa rọ̀ lórí ẹ̀, kí iṣu tó wà nínú ẹ̀ má sì bu. Ìyá Ràbí ló máa kọ́kọ́ rà á, torí ó ti ṣèlérí. Lánàá la gbé e lọ, wọ́n gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì bí ọmọ tuntun. Mo mọ̀ pé tí mo bá yanu, ó lè ní ká gbé e padà. Mo sì mọ̀ pé tí mi ò bá yanu, irọ́ mi ni wọ́n ń tà fún un.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ìyá, irọ́ ni mo pa fún yín. Ọmọ Ìlobù ni mí. Tíṣà yẹn ni bàbá mi. Wọ́n ti kú.”

Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó kàn ń wo àpótí náà. Ó ní, “Èmi ń fi í sádùúrà bí ẹni tó wà láyé.” Kò sì ní kí n dìde.

Ó yíjú sí àwọn ọmọ mi, ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, níbo lo ti wá, ọmọ ta ni ọ́. Wọ́n ń dáhùn. Nígbà tó kan ọmọkùnrin yẹn, ó dárúkọ ìyá ẹ̀, ó ní ìyá òun wà láàyè. Ìyá Ràbí ní ó dáa. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí wọn sójú oòrùn, òjò máa rọ̀ lé e lójú òun ná kí òun tó mọ̀ bóyá òun máa rà á. Mi ò lè bínú sí i.

Lẹ́yìn náà ló tún gbé ọwọ́ sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí Ọlọ́run forí jìn yín, kó tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Mo yanu kí n ṣe àmín, kò jáde. Lórí ìkúnlẹ̀ tí mo wà, àwọn ọmọ mi ló bá mi ṣe é, Bísólá sì ni ohùn tiẹ̀ ga jù.

Ṣé ẹ gbọ́ wọn?

Èmi ni,
ọmọ yín, ọmọ Ìlobù.