Ọ̀nà Atẹ́gùn Lẹ́yìn Ráàkì

Àtìní, 5 oṣù kìíní, 2026

Mo dé ibi iṣẹ́ ní Samaru, mo bá gbogbo fèrèsé yàrá díìsìkì ní ṣíṣí gbayawu. Ọ̀gá wa, Fáníyì — Baba Fèrèsé ni mo ń pè é níhìn-ín — ní ọyẹ́ ti dé, Ọlọ́run ti fún wa ní òtútù ọ̀fẹ́, kí la tún ń fi ẹ̀rọ amúlétutù ṣe? Òtútù ọ̀fẹ́! Eruku ńkọ́? Ọ̀ọ́dúnrún díìsìkì kọ̀ǹpútà, tí à ń tọ́jú ohùn àti ìwé sí, ló wà nínú ráàkì onípẹpẹ yẹn, wọ́n ń yí tọ̀sán-tòru, wọ́n ń gbóná, eruku á sì dí ihò tí wọ́n fi ń mí. Ó kàwé títí, ọgbọ́n ò bá a délé. Mo ti gbogbo rẹ̀ pa.

Ohùn Bàbá mi olóògbé wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀. Wáàsí ààwẹ̀ ọdún mọ́kànlá, ní Sabon Gari. Téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì ti gbó. Lẹ́yìn tí mo da ohùn náà sórí díìsìkì, kò sí kásẹ́ẹ̀tì tó tún sọ̀rọ̀ mọ́. Àfi inú ráàkì yìí, kò sí níbòmíràn láyé. Kí Baba Fèrèsé má bá mi ṣeré o.

Àtàláátà, 6

Màálàm Hussain, ẹ̀ṣọ́ wa, ti sọ ẹ̀yìn ráàkì di ibi ìyáná. Ooru tí díìsìkì ń tú jáde ló ń yá! Ó tẹ́ ẹní, ó gbé bútà àlùwàlá sí i. Mo kọ ọ́ sí ìwé ní Hausa, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: "Hanyar iska ce. Kada a tare ta." Ọ̀nà atẹ́gùn nìyí, ẹ má dí i.

Àlàrùbá, 7

Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Iska — atẹ́gùn ni, àǹjọ̀nnú náà sì ni. Màálàm mú ti àǹjọ̀nnú. Ó ká ẹní, ó gbé bútà. Tó bá fẹ́ kọjá báyìí, á kọ́kọ́ dúró: "Assalamu alaikum." Ráàkì ló ń kí! Agbárí òfìfo.

Ó ṣáà ṣiṣẹ́ fún mi. Ibẹ̀ ṣófo, ó gbẹ — mo gbé páálí kásẹ́ẹ̀tì Bàbá síbẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èkúté pọ̀ nílé wa ní Hanwa, mi ò sì lè da kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn nù.

Àlàmísì, 8

Pẹpẹ ìsàlẹ̀ gbóná ju tòkè lọ. Eruku Baba Fèrèsé ni, ó tún ti ṣí fèrèsé! Mo sọ ọ́ sí i lójú — pẹ̀lú "ẹ jọ̀ọ́ sà".

Màálàm tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. "Hajiya, kayan nan sun tare hanyar iska." Ó ní ẹrù kan ti dí ọ̀nà àwọn iska. Mo ní kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Jímọ̀, 9

Díìsìkì méjì kú.

Àbámẹ́ta, 10

Mo yẹ ráàkì wò látòkè délẹ̀. Eruku kò tó nǹkan. Páálí mi ló fẹ̀yìn ti pẹpẹ ìsàlẹ̀, tó dí gbogbo ibi tí ooru ń gbà jáde. Ọ̀kan nínú díìsìkì méjèèjì ni ohùn Bàbá. Èkejì ni ẹ̀dà rẹ̀ — èmi náà ni mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo gbìyànjú títí di ọ̀sán. Wọn ò dáhùn.

Ọ̀gá Fáníyì bi mí ta ló gbé páálí síbẹ̀. Mo ní èmi ni. Ó lọ ti fèrèsé fúnra rẹ̀.

Mo gbé páálí jáde. Màálàm béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo ní ohùn Bàbá mi ni. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tẹrí ba: "Assalamu alaikum, Malam."

Páálí ló ń kí. Ó dúró, ó ń retí.

Èmi ni mo bá Bàbá dáhùn.