Ọkọ̀ Bàbá Adùn

Ọjọ́ Àìkú, 30 Ògọ́ọ̀sì 1964. Bódìjà.
Ọlọ́rọ̀-Jẹ́jẹ́ wá láti Onírèké lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìyàwó ilé ni mí, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ìnagijẹ tí mo fún un nígbà tí mo wọlé nìyẹn. Ó ṣáná sí ọkọ̀ Bàbá Adùn, ọkọ mi tó kú. Ọkọ̀ wúkọ́, ó gbọ̀n, ó kú. Ó ní òkú irin ni, ta ni yóò jogún òkú irin, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyàwó. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Inú mi dùn — nínú aṣọ dúdú. Ọlọ́run, dárí jì mí.

Ọjọ́ Ajé, 31 Ògọ́ọ̀sì.
A tún pa ọjọ́ ilé ìwòsàn jẹ. Dókítà ti sọ ọ́ gbangba: bí Adùn kò bá ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ náà yóò ká pátápátá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, irin lẹ́sẹ̀. Kò lè rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Èmi opó, n kò gbọdọ̀ jáde kí ogójì ọjọ́ ó tó pé. Bó bá ti pé, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, kí n lè fi gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́rú, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà.
Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàbá Adùn kì í gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì. Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú bó bá ń pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Mo tú ọ̀kan. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Wáyà ti gbẹ, ó ń ya. Mo fún Eyínmẹ́nugún lówó kó fi ra irú rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, àti wáyà. Àbúrò ọkọ mi ni, wọ́n ní kó wá bá mi jókòó ọ̀fọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ̀rù rẹ ń bà mí o. Opó wo ló ń tú mọ́tò?" Ó lọ ṣá. Ọmọ dáadáa ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà.
Òjò. Òjò. Òjò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà.
Mo so òwú ìránṣọ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí n má baà ṣì wọ́n gbé. Bàbá Adùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ — orí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Yọ ọ̀kan, fi tuntun sí i, kó tó kan ìkejì. Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ fi yí púlọ́ọ̀gì wọlé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà wọ́, kí n tó fi sípánà fún un le. Ìka mi bó. Mo ṣáná. Ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà! Mo gbé orí lé sítíárì, mo sunkún ọkọ mi — ìgbà àkọ́kọ́ tí kò sí ẹni tó ní kí n sunkún. Eyínmẹ́nugún ń jó yí ọkọ̀ ká, Adùn ń pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà.
Eyínmẹ́nugún lọ sí ìsìn l'Ónírèké. Ó padà, ó ń rẹ́rìn-ín: "Mo ròyìn rẹ fún gbogbo wọn, ìyàwó! Bùọ̀dá ní kí n tún un sọ." Kò mọ ohun tó ṣe. Èmi ni òmùgọ̀. Wọn kò tíì pín ogún. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo gbá mú. Ǹ bá dúró di ogójì. Ta ló ń lé mi?

Ọjọ́bọ̀, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà.
Mo fẹ́ yọ wáyà kúrò, kí ọkọ̀ tún kú. Mo dé ìdí ọkọ̀, mo padà. Wọ́n ti gbọ́. Wọn á ní mo ba ogún jẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà.
Ogójì pé. Wọ́n pín ogún. Ọlọ́rọ̀-Jẹ́jẹ́ ní, jẹ́jẹ́, "Ìyàwó wa, o ṣeun, o bá wa tún ọkọ̀ ṣe. Ti Adùn ni. A ó bá a tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dàgbà." Mo ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹsẹ̀ ọmọ yìí…" Ó ní obìnrin kì í jogún ọkọ rẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní òótọ́ ni. Eyínmẹ́nugún bú sẹ́kún, wọ́n ní kó jáde. Ọlọ́rọ̀-Jẹ́jẹ́ ṣáná lẹ́ẹ̀kan, ó gbà. Mo ń fi etí bá ọkọ̀ lọ títí ó fi dé títì. Mo kórìíra ọkùnrin náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí: mo kórìíra rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà.
Mo pọn Adùn lọ sílé ìwòsàn. Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń na ìbàdí mi lójú ọ̀nà. Ó ń bi mí léraléra, "Màmá, ṣé mo wúwo?" Mo ní rárá. Irọ́ ni.